Ihò Mẹ́sàn-án Kí N Tó Padà sí Igbókòdá

Ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé bí mo tiẹ̀ gbàgbé orúkọ ara mi, ọjọ́ náà ò ní ṣí kúrò lọ́kàn mi. Òun ni ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mú ọ̀pá gọ́ọ̀fù dání, òun náà ni ọjọ́ tí mo mú un dání kẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó má wulẹ̀ dúró dè mí. Àwọn ará ilé mi ò dúró.

Ìlàjẹ ni mí. Igbókòdá ni ilé mi wà, létí omi, afárá pákó kan ló so ẹnu ọ̀nà mi mọ́ ilẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi ṣaláìsí ni Tọ́lá ọmọ mi, tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ epo, wá gbé mi wá sí Warri. "Màmá, ẹ wá sinmi fún oṣù kan." Oṣù kan yẹn ti wọ ọdún kẹta. Mo jókòó sí ilé wọn ní Okumagba Layout bí ẹrù tí wọ́n gbàgbé sẹ́yìn mọ́tò. Ìgbàkígbà tí mo bá ní mò ń lọ ilé, orúnkún mi ni Tọ́lá máa ń nawọ́ sí.

"Màmá, orúnkún yìí kọ́ lẹ máa fi rin afárá pákó. Bí ẹ bá já sómi ńkọ́?"

Èmi! Èmi tó jẹ́ pé mo mọ omi í wẹ̀ kí n tó mọ aṣọ í wọ̀.

Òótọ́ ni pé orúnkún mi ọ̀tún máa ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo rí. Dókítà ní kí n máa rìn. Mo ní kí n máa rìn lọ sí ibo? Ó ní kí n ṣáà máa rìn. Mo wo ojú ọmọ náà, mo ní, "Dókítà, nílùú wa, ẹni tó bá ń rìn láìní ibi tó ń lọ, àwọn ẹbí rẹ̀ ló máa ń sáré wá a kiri." Ọkọ Tọ́lá ló bá mi wá ọ̀nà sí ọ̀rọ̀ náà. Bàbá Dámi la máa ń pè é. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ọmọlúàbí, kì í kí mi lórí ìdúró.

Ó ní, "Màmá, ẹ bá wa lọ sí pápá gọ́ọ̀fù ní Sátidé. Àwọn ìdílé òṣìṣẹ́ ló ni ọjọ́ yẹn. Ẹ máa gbá bọ́ọ̀lù, ẹ máa tẹ̀ lé e, ẹ máa gbá a sínú ihò. Ihò mẹ́sàn-án ni. Ìrìn tó ní ibi tó ń lọ nìyẹn."

Bó ti dákẹ́ ni mo rí ọ̀nà ilé mi níwájú mi. Mo yíjú sí Tọ́lá.

"Bí mo bá fẹsẹ̀ mi rin ihò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán yí ká ńkọ́?"

"Láìjókòó?"

"Láìjókòó."

"Láìsí ẹni tó dì yín mú?"

"Ta ló fẹ́ dì mí mú? Ṣé olè ni mí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó dá a lójú pé mi ò lè dé ihò kẹta. "Ó dáa. Bí ẹ bá rìn ín parí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa gbé yín lọ sí Igbókòdá, mi ò sì ní sọ̀rọ̀ orúnkún mọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n Màmá, bí ìdí yín bá fi lè kan nǹkan, ìbáà ṣe òkúta, Warri lẹ wà o."

Bàbá Dámi ní òun ni ẹlẹ́rìí. Kò tó wákàtí kan tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù mi.

Ọjọ́ mẹ́ta ni òjò fi rọ̀ kí Sátidé yẹn tó mọ́. Ẹni tó bá mọ òjò Warri mọ̀ pé kì í ṣe òjò, ó máa ń wá gbé lọ́dọ̀ ẹni ni. Nígbà tí a dé pápá, koríko tutù yọ̀yọ̀, omi dúró káàkiri bí ẹni pé odò ló wá kí ilẹ̀. Tọ́lá gbé bàtà kan sílẹ̀ fún mi. Mo yí i wò. Eyín ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ṣónṣó-ṣónṣó, bí ẹnu ọ̀nì. Ó ní kí n má baà yọ̀ ni. Mo wọ̀ ọ́ sẹ́sẹ̀ pẹ̀lú ìró àti bùbá, mo dà bí ẹni tó fẹ́ lọ tẹ iṣu mọ́lẹ̀ kó má sá.

Wọ́n tún fún mi ní ìbọ̀wọ́ funfun. Ẹyọ kan. Mo wá ìkejì lábẹ́ ìjókòó mọ́tò, mo wá a nínú àpò ọ̀pá, mo gbọn ìró mi. Ọkùnrin tó máa bá wa gbé àpò dúró sí tòsí, ó ń wò mí. Papa Efe ni wọ́n ń pè é, ọmọ Urhobo, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Ó ti ń gbé àpò ní pápá yẹn láti ìgbà tó wà ní àpọ́n. Mo fura sí i díẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Mo ní, "Papa Efe, where the second one?"

Ó ní, "Mama, na one hand dem dey wear am."

Mo wo ọwọ́ mi méjèèjì. Mo ní kí ni ìkejì ṣe fún wọn? Mo wọ ọ̀kan náà, mo fi ìkejì sábẹ́ aṣọ kó má baà rò pé wọ́n fi òun ṣe ọmọ orogún.

A wá dé ibi tí eré ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ Bàbá Dámi ló máa kọ́kọ́ gbá. Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀n, tó nikùn níwájú. Ó gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀ lé orí èèkàn kékeré kan tí kò ju ìṣó lọ, ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó gbé ọ̀pá sókè. Àwọn èèyàn yí i ká, bíi mẹ́wàá. Gbogbo wọn dákẹ́ rọ́rọ́. Mo wò wọ́n lọ, mo wò wọ́n bọ̀. Àgbàlagbà dìde láàárọ̀, ó ń fi gbogbo agbára ṣiṣẹ́ níwájú wọn, kò sẹ́nì kan tó lanu kí i! Ojú tì mí fún Tọ́lá. Mo ní bóyá torí pé ó ti pẹ́ ní Warri ni. Bí ọ̀pá ọkùnrin náà ṣe ń bọ̀ wálẹ̀ báyìí ni mo tẹ̀ba díẹ̀, mo gbóhùn sókè:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá! Ọwọ́ á máa ròkè o!"

Ọwọ́ náà ròkè lóòótọ́. Bọ́ọ̀lù yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lọ kọlu kúlà tí wọ́n kó málítì sí, gbà! Ọ̀gá yíjú padà. Kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ìkíni ni. Ó ní "Thank you, Mama," ojú rẹ̀ sì dà bíi ti ẹni tó mu omi ewúro láìmọ̀. Tọ́lá ti fi ọwọ́ bo ojú. Papa Efe sún mọ́ mi, ó ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mama, abeg. When person wan play, nobody dey talk."

"Even greet?"

"Even greet, no greet."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò tíì dé ibi tí àìkíni ti jẹ́ ìwà rere.

Ó kàn mí. Mo gbá a lẹ́ẹ̀kíní, afẹ́fẹ́ ni mo gbá. Mo gbá a lẹ́ẹ̀kejì, afẹ́fẹ́ náà ni. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ilẹ̀ ni mo gbá, koríko àti ẹrẹ̀ gbéra, wọ́n fò lọ síwájú dáadáa, bọ́ọ̀lù jókòó sórí èèkàn rẹ̀, ó ń wò mí. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ló tó rìn, òun náà ò sì lọ síwájú. Ó ya sí ọ̀tún, bí ẹni tó rántí pé òun gbàgbé nǹkan sílé. Mo tẹ̀ lé e. Eyín bàtà mi ń wọ inú ẹrẹ̀ ṣùù, bí mo bá fà á yọ, á tu odidi ìdì koríko kan dání. Nígbà tí mo fi rìn dé ìdí bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ mi kọ̀ọ̀kan ti wúwo bí ọmọ ọdún méjì.

Báyìí ni a ṣe lo ihò kìíní àti ìkejì. Ibikíbi tí mo bá kọjú sí, bọ́ọ̀lù kì í lọ síbẹ̀. Ní ihò kẹta ni Papa Efe gba ọ̀pá lọ́wọ́ mi, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ló bá sún fìlà sẹ́yìn.

"Mama! Dis stick na left-hand own!"

Bàbá Dámi pariwo, "Yéè! Màmá, ẹ forí jì mí, ọ̀pá mi ni mo fún yín."

Ọlọ́wọ́ òsì ni Bàbá Dámi. Ọjọ́ tó wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ wa, mo rí i tó fi ọwọ́ òsì gbé ife, mo gbójú kúrò níbẹ̀ nítorí ó ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́. Ẹ wá wò ó, ọ̀rọ̀ ọwọ́ náà ló ń bá mi lálejò ní pápá yìí. Papa Efe ní kò burú, kí n kàn yí ara padà, kí n gbá a láti apá òsì. Mo ní láéláé. Ìyá mi na ọwọ́ òsì mi títí tó fi gbàgbé iṣẹ́. Ṣé ní ọjọ́ ogbó mi ni mo fẹ́ wá máa fi òsì ṣeré níwájú ọ̀gá àna mi? Kò sí ọ̀pá mìíràn nílẹ̀. Mo ní ẹ̀yìn ọ̀pá náà ni n ó máa fi gbá a.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, ẹ lè bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ń fi ẹ̀yìn ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù, bí ọ̀nà bá gùn tó ibí sí ọ̀hún, tirẹ̀ á yí gba ilé ìyá àgbà kó tó débẹ̀. Àwọn yòókù ń rìn tààrà, èmi ń rìn wọ́gọwọ̀gọ, láti igi dé igi. Tọ́lá ń tẹ̀ lé mi, ó ń retí kí n jókòó. Mi ò jókòó. Mo fojú inú rí afárá pákó mi, mo ń lọ.

Ní ihò kẹrin ni mo tún ṣe tèmi. Ibi tí ihò wà ní pápá yẹn kì í ṣe koríko, yanrìn ni, tí wọ́n fi ọ́ìlì ẹnjìnnì pò kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Ní Warri, epo pọ̀ débi pé wọ́n ń fi í tẹ́ ilẹ̀. Mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀, torí àwọn yòókù ti dúró mu málítì lọ́nà. Mo wo ilẹ̀ náà, ipa ẹsẹ̀ kún un, bọ́ọ̀lù mẹ́ta wà káàkiri orí rẹ̀ bí ìdọ̀tí ọmọdé. Irin gígùn kan tó ní pákó pẹlẹbẹ lẹ́nu wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo mọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe, kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún mi. Ilẹ̀ tí wọn ò gbá láàárọ̀, ilé ọ̀bùn ni. Mo fi pákó náà gbá ibẹ̀ mọ́ tónítóní, mo tẹ́ ẹ, ó ń dán. Mo sì bá wọn kó àwọn bọ́ọ̀lù náà jọ sínú koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Bàbá Dámi dé, ó ń wòye. "Màmá, bọ́ọ̀lù mi dà? Ó ku ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan péré kó wọ ihò."

Mo ní, "Mo ti bá yín palẹ̀ rẹ̀ mọ́, Bàbá Dámi. Ẹ máa dúpẹ́."

Ó dúpẹ́. Mo ti ní ọmọlúàbí ni. Papa Efe ti jókòó sórí àpò, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Mama don sweep competition comot!"

Ìkarùn-ún, ìkẹfà, ìkeje, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀. Bàtà kan kù sínú ẹrẹ̀, èmi lọ, ó kù. A fà á, a ò rí i fà, mo bọ́ ìkejì, mo fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù mi. Ara tiẹ̀ tù mí. Orúnkún ń dún, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Tọ́lá ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ihò tó kù.

Ní ihò kẹjọ, adágún omi kan wà láàárín ọ̀nà, aláwọ̀ tíì, ewé oríṣiríṣi léfòó lórí rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo fẹ́ kí bọ́ọ̀lù mi lọ tààrà, kò lọ. Ìgbà yìí tí mo fẹ́ kó yà, ó lọ tààrà. Pọ̀lọ́! Papa Efe ti ń tọwọ́ bọ àpò.

"Mama, leave am. Take another one."

Kí n fi nǹkan oníǹkan sílẹ̀ fún omi? Níbi tí mo ti wá, tí omi bá gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ, o kọ́kọ́ bá a jà ná. Mo ká ìró mi sókè, mo wọlé. Tọ́lá ń ké lẹ́yìn mi. Omi ò kọjá ojúgun mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ẹsẹ̀ wá inú ẹrẹ̀, bí a ṣe máa ń wá ìṣáwùrú nígbà tí mo wà lọ́mọdé: ẹ ò ní gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹ máa fi ọmọ ìka kàn án jẹ́jẹ́, nǹkan róbótó kan á sọ fún yín pé òun wà níbẹ̀. Mo rí ọ̀kan. Mo rí ìkejì. Mo rí ìkẹta. Àwọn bọ́ọ̀lù tí àwọn ọ̀gá-ọ̀gá ti pàdánù láti ọjọ́ pípẹ́, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, wọ́n ń dúró de ọmọ Ìlàjẹ. Mo ń kó wọn sínú gèlè mi. Àwọn èèyàn ti pé létí omi. Papa Efe ń pariwo pé, "Na Mami Wata own mama be dis!"

Kí n má purọ́, inú mi dùn. Láti ọdún mẹ́ta, ọjọ́ yẹn ni àtẹ́lẹsẹ̀ mi kọ́kọ́ kan ohun tó mọ̀.

Mo na ẹsẹ̀ sí i fún ẹyọ kan sí i. Ojúkòkòrò ni, mo gbà. Ẹrẹ̀ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún mì dé orúnkún. Mo fà á, ó fà mí. Mo ṣe bí ẹni tó fẹ́ jó, mo fì síwájú, mo fì sẹ́yìn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí n tó dé ìsàlẹ̀ ni mo gbọ́ tí omi dún gbàmù lẹ́yìn mi, ẹnì kan sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá mi lábíyá mú. Tọ́lá ni. Bàtà rẹ̀, ṣòkòtò funfun rẹ̀, fóònù inú àpò rẹ̀, gbogbo wọn wà nínú omi.

Bí a ṣe jáde tán ni mo ní, "Mi ò jókòó o."

Tọ́lá ń mí gúlegúle. "Màmá, ìdí yín kan omi!"

"Ṣé ìjókòó ni omi?"

Papa Efe, tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀, gbè mí. "Water no be chair."

"Mo sì dì yín mú!"

"Ìwọ lo dì mí mú. Mo ní kó o dì mí ni? Adájọ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ ba ẹjọ́ jẹ́!"

Gbogbo wa yíjú sí Bàbá Dámi tó jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo àna rẹ̀. Mo káàánú ọmọ náà. Níkẹyìn ó ní ti omi yẹn ò sí nínú àdéhùn, ó ku ihò kan, kí Màmá máa lọ.

Mo ń lọ. Ihò kẹsàn-án ò jìnnà rárá, àsíá rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ níwájú mi. Ẹ̀yìn ọ̀pá náà sì ti wá mọ ọwọ́ mi. Mo gbá a lẹ́ẹ̀mẹta péré, ó ku bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí i pé Tọ́lá di ṣẹ́tí ìró mi mú lẹ́yìn, bó ṣe máa ń ṣe ní kékeré tí a bá ń lọ sí èbúté.

Ó ní, "Màmá, ẹ ti fẹ́ borí."

"Mo ti fẹ́ borí."

Ó tún fa ṣẹ́tí ìró mi. "Bàbá Dámi máa ń lo ọ̀sẹ̀ méjì-méjì lórí òkun. Dámi, Pijin ló fi ń dá mi lóhùn. Bí ẹ bá lọ, ta ni mo fẹ́ máa sọ èdè wa fún?"

Ọdún mẹ́ta gbáko! Ọdún mẹ́ta ló fi ń bá mi sọ ọ̀rọ̀ orúnkún, kò bá mi sọ èyí.

Mo wo àsíá. Mo wo Tọ́lá, ewé adágún ṣì lẹ̀ mọ́ ọn nírun. Mo ronú, kò pẹ́ tí mo fi ronú tán. Mo di orúnkún mú, mo ní, "Yéè! Orúnkún mi o!" Mo rọra fi ìdí lélẹ̀ sórí koríko, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń jókòó sórí àga ìyàwó.

Tọ́lá ní, "Pẹ̀lẹ́, Màmá! Pẹ̀lẹ́!" Ẹnu ń ṣe pẹ̀lẹ́, gbogbo ojú ń rẹ́rìn-ín. Inú èmi náà dùn. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń yin ara mi. Mo ní ìyá mélòó ló lè ṣe irú èyí? Mo ní ọjọ́ kan ni n ó sọ fún un pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, á sì sunkún.

Lẹ́yìn tí mo yin ara mi tán, mo ní kí n dìde.

Orúnkún ní kò sí ibi tí òun ń lọ.

Mo rò pé eré ni. Mo gbìyànjú láti apá ọ̀tún, mo gbìyànjú láti apá òsì, mo tiẹ̀ fi ọ̀pá Bàbá Dámi tilẹ̀, ó wọ inú ẹrẹ̀ lọ. Bàbá Dámi fà mí lápá kan, Papa Efe fà mí lápá kejì, Tọ́lá ń tì mí lẹ́yìn. Mo ń lọ sókè, mo tún ń padà wálẹ̀. Mọ́tò kékeré tí wọ́n fi ń kó málítì kiri ni wọ́n wá fi gbé mi, láàárín páálí méjì, pẹ̀lú gèlè tó kún fún bọ́ọ̀lù lórí itan mi. Odidi ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi dùbúlẹ̀ sílé lẹ́yìn rẹ̀.

Mo tú ẹrù mi. Ìsinmi ọdún la fi ń lọ sí Igbókòdá báyìí, gbogbo wa, Tọ́lá á sì dúró létí afárá pákó títí n ó fi wọlé. Mo ti sọ fún un. Mo ti sọ fún Bàbá Dámi. Mo sọ fún àwọn ìyá ìjọ wa ní Effurun. Mo ní mo mọ̀ọ́mọ̀ jókòó ni, ìfẹ́ ọmọ ló mú mi jókòó, ǹ bá ti borí. Gbogbo wọn á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," wọ́n á wá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Dámi ọmọ Tọ́lá, tó ti ń kọ́ èdè wa lọ́dọ̀ mi, tó ń bá mi kọ ìwé yìí gan-an, bí mo ṣe sọ ọ́ débẹ̀ ló ju bírò sílẹ̀: "Grandma, na lie!" Mo ní kó kọ ìyẹn náà síbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi ara yín jìn fún ọmọ yín, ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ẹ lè dìde lẹ́yìn rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àánú ni wọ́n á máa ṣe yín, wọn ò ní dúpẹ́. Nígbà mìíràn tí mo bá dá jókòó, tí mo rántí ara mi láàárín páálí málítì, tí mo gbé ojú sókè bí ìyá rere, ẹ̀rín á pa mí débi tí orúnkún náà á fi dún.